Ẹ sọ ewu abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àwa ìyá, a ó gbé ọmọ wá

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn yìí. Lẹ́tà tí bàbá kan kọ, tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ló jẹ́ kí n mú bírò. Bàbá yẹn ò bú ẹnì kankan, wọn ò sì parọ́ mọ́ ẹnì kankan, ìbéèrè ni wọ́n béèrè, wọ́n ní gbogbo abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún ọmọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i yìí, ṣé kò léwu ni, tó bá léwu kí ló dé tí ẹnì kan ò sọ ọ́ fáwọn òbí, àti pé àwọn tí wọ́n bí láyé ìjọ́un tí wọn ò gún lábẹ́rẹ́, ṣebí àwọn náà dàgbà, wọ́n bímọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni mo wá rí èsì táwọn èèyàn fọ̀, wọ́n ń pe bàbá yẹn ní ará oko, aláìmọ̀kan, oríṣiríṣi. Ó dùn mí gan-an. Ìyá ọmọ mẹ́ta ni mí, gbogbo wọn ló gba abẹ́rẹ́ pé, mo sì máa rí i pé ọmọ ọmọ mi náà gbà á tí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, ṣùgbọ́n ìbéèrè bàbá yẹn wà lọ́kàn gbogbo ìyá tó ti di ọmọ mú lórí bẹ́ǹṣì hẹ́lútì sẹ́ńtà rí, kì í ṣe ìbéèrè tó yẹ kéèyàn tìtorí ẹ̀ gbọ́ èébú.

Èmi á dáhùn báyìí: bẹ́ẹ̀ ni o, ewu díẹ̀ wà níbẹ̀. Ó kéré, àwọn dókítà mọ̀ ọ́n, wọ́n ti kà á, a sì lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewu àìsàn fúnra ẹ̀ ká wo èyí tó ju èyí lọ. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọn kì í sọ ewu kékeré yẹn fún wa, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan, ẹ ṣáà gbé ọmọ wá, ọjọ́ tí nǹkan kékeré bá wá ṣẹlẹ̀, ìyá ọmọ á gbà pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ta ló sì fẹ́ yí i lọ́kàn padà nígbà yẹn?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ṣebí àwa dàgbà yẹn. Ẹni tó dàgbà ló lè kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn. Ẹ lọ bi àwọn ìyá àgbà tó wà nílé yín pé ọmọ mélòó lẹ bí, mélòó ló kù, ẹ ó rí i pé wọn ò ní í dá yín lóhùn kíá. Ìyá tó bí ìyá mi ní Ìsẹ́yìn, bí wọ́n bá ń ka ọmọ wọn, ibì kan wà tí wọ́n máa ń fò, àwa ọmọdé sì mọ̀ pé a kì í béèrè. Èèyi ló pa méjì nínú wọn lọ́sẹ̀ kan náà, èèyi tí àwọn dókítà ń pè ní measles. Ká má tíì sọ ti Ṣọ̀pọ̀nná, tí àwọn àgbà ò jẹ́ dárúkọ ẹ̀ gangan, Olóde ni wọ́n ń pè é, Ilẹ̀ẹ́gbóná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀ á rántí àwọn bàbá tí ṣàṣá kún ojú wọn. Àwọn ọmọ tèmi ò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí, torí lọ́dún 1980 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kéde pé àìsàn yẹn ti tán pátápátá lórí ilẹ̀ ayé, àjẹsára ló sì lé e lọ. Kì í ṣe òyìnbó nìkan ló bá a jà o, Dókítà Oguntola Sapara, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ló dọ́gbọ́n wọ ẹgbẹ́ àwọn abọrẹ̀ Ṣọ̀pọ̀nná láyé ìjọba òyìnbó, ibẹ̀ ló ti rí i pé àwọn kan nínú wọn ló ń fi àrùn náà ran èèyàn, ọ̀rọ̀ náà sì dé ọ̀dọ̀ ìjọba títí wọ́n fi fòfin dè é.

Lọ́dún 2024, nígbà tí ètò àjẹsára ọmọdé tí WHO dá sílẹ̀ lọ́dún 1974 pé ọdún 50, wọ́n ṣírò ẹ̀mí tó ti gbà là, ó jẹ́ mílíọ̀nù 154. Mílíọ̀nù 94 nínú ẹ̀ jẹ́ ti èèyi nìkan. Ẹ rora kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nílé wa níbí, ìgbà Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti tó di mínísítà ìlera lọ́dún 1985 ni wọ́n bí èmi, àpá BCG ìgbà yẹn, abẹ́rẹ́ tó ń dènà ikọ́ fée, ṣì wà lápá òsì mi dòní. Iṣẹ́ ni wọ́n ṣe nígbà yẹn, wọ́n ń gbé kúlà abẹ́rẹ́ wọ abúlé, rédíò ń pariwo ẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n kúrò ni gbogbo ẹ̀ dẹnu kọlẹ̀, débi pé nínú ìwádìí ìlera tí ìjọba fúnra wọn ṣe lọ́dún 2003, ọmọ bíi 13 péré nínú 100 ló gba gbogbo àjẹsára tó yẹ kó gbà. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2018, ó ti di 31. Ó gòkè lóòótọ́, àmọ́ kò tíì dé ìdajì.

Ohun tó tẹ̀yìn ẹ̀ yọ ni dífítéríà tó bẹ́ sílẹ̀ lópin ọdún 2022, ní Kánò àti Èkó lá ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ló bá gbilẹ̀ lọ́dún 2023. Àìsàn tí ọ̀pọ̀ dókítà tí ò tíì dàgbà ń kà nínú ìwé lásán ni. Ó máa ń fi awọ kan tó dà bí eérú bo ọ̀nà ọ̀fun ọmọ, ọrùn á wú, èémí ò ní rọ́nà kọjá, májèlé ẹ̀ á tún wọ ọkàn ọmọ lọ. Oògùn tó ń pa májèlé yẹn ò tó nílẹ̀, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá nígbà tí ọmọ ti ń jà fún ẹ̀mí ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ló kú, àwọn tó sì pọ̀ jù nínú àwọn tó kó o ni wọn ò gba abẹ́rẹ́ ẹ̀ pé. Bẹ́ẹ̀ inú pẹ́ńtà ni abẹ́rẹ́ ẹ̀ wà, abẹ́rẹ́ kan tó ń dènà àìsàn márùn-ún, èyí tí wọ́n ń gún ọmọ ní ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14, ọ̀fẹ́ sì ni ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Ó wá ku ewu, òun gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ọmọ àbúrò mi obìnrin gba abẹ́rẹ́ èèyi àti ti ibà pọ́njú nígbà tó pé oṣù 9. Nọ́ọ̀sì gún un, ó kọ déètì sínú káàdì, ó ní ó yá ẹ máa lọ, èrò pọ̀ lẹ́yìn. Ọmọ délé, ó ń ṣeré. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò sí nǹkan kan. Lóru ọjọ́ kẹjọ ni ara ọmọ déédéé gbóná janjan, kí wọ́n tó mọ̀ ojú ẹ̀ ti yí sókè, ọwọ́ àtẹsẹ̀ ń gbọ̀n, gìrì ló dé yẹn. Ilé kún. Ẹnì kan ń gún àlùbọ́sà, ẹnì kan ní kí wọ́n ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ìyá kan lójúlé kejì ti gbé ìgò àgbo ìtọ̀ màlúù dé, àgbo tó ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ di èrò ọ̀run nílẹ̀ Yorùbá yìí torí ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀ títí ọmọ á fi dákú. Ọpẹ́lọpẹ́ ọkọ àbúrò mi tó yarí pé wọn ò ní í ti nǹkan kan bọ ọmọ òun lẹ́nu, ó gbé e, ó di ọsibítù. Kí wọ́n tó débẹ̀ gìrì náà ti dáwọ́ dúró. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kì í ṣe ibà ẹ̀fọn, dókítà wá sọ fún wọn pé abẹ́rẹ́ èèyi máa ń jẹ́ kí ara àwọn ọmọ kan gbóná ní nǹkan bí ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 12 lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà á, pé ara gbígbóná yẹn lè di gìrì fún bí ọmọ kan nínú 3,000 sí 4,000, àti pé gìrì irú ẹ̀ kì í ba ọpọlọ jẹ́. Ó ní èèyi gidi ńkọ́, nínú ọmọ 1,000 tó bá kó o, bí ẹnì kan ni ọpọlọ ẹ̀ máa wú, ẹlòmíì á kú, ẹlòmíì á fọ́jú, ní pàtàkì ọmọ tí kò bá jẹun kánú.

Ọmọ yẹn ti ń lọ síléèwé báyìí, ara ẹ̀ le koko, ó ń dá ilé rú. Àmọ́ àbúrò mi bi dókítà yẹn léèrè pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún òun lọ́jọ́ tí wọ́n ń gún un, dókítà ò sì rí èsì gidi kan fún un. Ó pẹ́ kó tó gbà láti gbé ọmọ lọ gba ẹlẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n ń gbà ní oṣù 15. Àwọn ìyá mìíràn nínú agboolé yẹn ò tiẹ̀ padà lọ mọ́, ojú wọn ló ṣe, wọ́n rí gìrì, wọn ò bá wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà tó ṣàlàyé. Ẹ wò ó bí nọ́ọ̀sì ọjọ́ yẹn bá ti sọ pé ìyá ọmọ, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan ara ẹ̀ lè gbóná, ẹ fún un ní parasitamọ́ọ̀lù tọmọdé, ẹ bọ́ aṣọ nínípọn kúrò lára ẹ̀, tó bá gan ẹ fẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, ẹ má ti nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ gbé e wá kíá. Ìṣẹ́jú kan ò ní í pé lẹ́nu ẹ̀.

Èyí tó kù nínú ewu náà rèé, mo ti bi àwọn tó mọ̀ ọ́n, mo sì ti ka ohun tí mo lè kà. BCG tí wọ́n ń gún ọmọ jòjòló máa ń wú, á ṣọyún, á wá di àpá, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ẹ má fi nǹkan kan pa á, àwọn ọmọ díẹ̀ ni abẹ́ abíyá wọn máa ń wú, ẹ gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá kí wọ́n wò ó. Pẹ́ńtà ló máa ń mú kí itan le kí ọmọ sì sunkún mọ́jú, tórí èròjà tó wà fún ikọ́ líle nínú ẹ̀. Àjẹsára rotavirus tó ń dènà ìgbẹ́ gbuuru lè mú kí ìfun ọmọ kan wọnú ara wọn, ó ṣọ̀wọ́n gan-an, nínú ọmọ 100,000 kò ju ẹyọ mélòó kan lọ, tí ọmọ bá ń sunkún tó ń ká ẹsẹ̀ mọ́ inú, tó ń bì, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ ẹ̀, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ lè mọ̀ pé wọ́n ń ṣọ́ ọ, ọ̀kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ RotaShield, lọ́dún 1999 tí wọ́n rí i pé ìfun yẹn ń ṣẹlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n kó o kúrò lọ́jà kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n gbé e dé. Ọmọ tí ara ẹ̀ kọ abẹ́rẹ́ tó sì lè dákú síbẹ̀, bí ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù kan ìgbà tí wọ́n bá gún un ni, òun ló fà á tó fi yẹ kí ẹ jókòó dúró díẹ̀ kí ẹ tó máa lọ, abẹ́rẹ́ tó ń tọ́jú ẹ̀ yẹ kó wà nílẹ̀ níbẹ̀, ẹ bi wọ́n bóyá ó wà, ẹ má tijú.

Èyí tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu torí rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ló yẹ kí wọ́n là yé wa jù. Kòkòrò polio tó ṣì wà láàyè, tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ ẹ̀, ló wà níbẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mílíọ̀nù 2.7 ìgbà tí wọ́n bá kán an, ó lè rọ ọmọ lápá lẹ́sẹ̀. Àti pé níbi tí àwọn ọmọ tí ò gbà á bá ti pọ̀ tí ìdọ̀tí sì wà, kòkòrò yẹn lè máa ti inú ìgbẹ́ ọmọ kan bọ́ sí ẹnu òmíì, á máa yí padà díẹ̀díẹ̀ títí agbára ẹ̀ á fi padà dé. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà níbí léraléra. Òun ni wọ́n fi fi abẹ́rẹ́ polio, èyí tí kòkòrò inú ẹ̀ ti kú, kún un láti 2015, òun náà ni wọ́n fi ṣe èyí tuntun tí wọ́n ń pè ní nOPV2, Nàìjíríà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó lágbàáyé lóṣù kẹta ọdún 2021. Ẹ ò rí i pé níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ bá ti gbà á, kòkòrò yẹn ò ní í rí ara ẹni tó máa sá sí, ibi tí wọ́n bá ti kọ̀ ọ́ ló ti ń di wàhálà. Àmọ́ ta ló jókòó sọ ọ́ fún ìyá kan bẹ́ẹ̀ rí? Wọ́n á kan ilẹ̀kùn, wọ́n á kán an, wọ́n á fi mákà kun ìka ọmọ, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára ògiri, ó tán.

Ohun tí irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ń fà, a ti rí i lókè ọya. Lọ́dún 1996 tí yírùnyírùn ń pa ọmọ ní Kánò, ilé iṣẹ́ Pfizer lọ dán oògùn kan tó ń jẹ́ Trovan wò níbẹ̀, ọmọ 200 ló wà nínú ìdánwò náà, 11 kú, àwọn òbí ní ẹnì kan ò ṣàlàyé fáwọn pé ìdánwò ni. Pfizer ní àwọn ò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n lọ́dún 2009 wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn á san mílíọ̀nù 75 dọ́là kí ẹjọ́ àwọn àti ìjọba Kánò parí. Trovan kì í ṣe àjẹsára, oògùn lásán ni. Àmọ́ nígbà tí wọ́n gbé oògùn polio dé lọ́dún 2003 tí àwọn aṣáájú ẹ̀sìn kan ní wọ́n ti fi nǹkan sí i kí obìnrin má lè bímọ mọ́, ta ni ò ní í gbà wọ́n gbọ́? Kánò dá a dúró títí di 2004, ìgbà tí wọ́n gbé e wá láti Indonesia ni wọ́n tó gbà á. Àsìkò yẹn ni polio ilẹ̀ wa rìn dé nǹkan bí orílẹ̀-èdè 20, ó dé Indonesia yẹn gan-an lọ́dún 2005. Ó gbà wá di 2016 ká tó rí ọmọ tí polio gidi, èyí tí kò ti inú oògùn wá, rọ kẹ́yìn, ní Borno, oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n wá kéde pé Áfíríkà bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń fi ọwọ́ wọ́ nílẹ̀ nítorí àárín ọdún yẹn.

Ti àwọn fídíò wátsáàpù, n ò ní í fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ lórí ẹ̀. Mọ̀lẹ́bí wa kan ní Peckham, ní London, ló fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ilé pé abẹ́rẹ́ èèyi ń fa ọ́tísìmù, ìṣòro ọpọlọ tó máa ń jẹ́ kó nira fún ọmọ láti sọ̀rọ̀ tàbí bá èèyàn ṣe. Dókítà kan ní London, Andrew Wakefield, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1998 pẹ̀lú ọmọ 12 péré, ìwé ìṣègùn Lancet tó gbé e jáde fagi lé e lọ́dún 2010, ọdún yẹn náà ni wọ́n yọ orúkọ ẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Denmark wọ́n ṣọ́ ọmọ tó lé ní 650,000 fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2019, ọ́tísìmù ò pọ̀ lára àwọn tó gbà á ju àwọn tí ò gbà á lọ. Ní Texas lọ́dún 2025, èèyi pa ọmọ méjì tí wọ́n ti ń lọ síléèwé, wọn ò gba abẹ́rẹ́, Amẹ́ríkà sì nìyẹn o, tí ọsibítù wọn ní gbogbo nǹkan. Ti pé kò ní í jẹ́ kéèyàn bímọ, tí wọ́n tún gbé dìde nígbà tí abẹ́rẹ́ HPV dé lóṣù kẹwàá ọdún 2023 fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ni abẹ́rẹ́ yẹn ń dènà, àìsàn tó ń gba ilé ọmọ lọ́wọ́ obìnrin tó sì ń pa á. Àwa tí wọ́n gún láyé Ransome-Kuti la wà níbí tá à ń bímọ, ọmọ wa ló kún iléèwé.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àwọn ìjọba máa di ẹ̀bi gbogbo ẹ̀ ru àwa òbí pé a kọ̀ ọ́. Èmi ti rí ìyá tó jí ní dájí, tó pọn ọmọ, tó wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tó dé hẹ́lútì sẹ́ńtà tí wọ́n ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ torí ọmọ ò tíì pé iye tí wọ́n máa torí ẹ̀ ṣí ìgò. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí: ìgò abẹ́rẹ́ èèyi kan, ọmọ 10 ló wà fún, ti BCG jẹ́ ọmọ 20, tí wọ́n bá ti po ó pọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 6 lọ, èyí tó bá ṣẹ́ kù dídànù ni. Nọ́ọ̀sì ń bẹ̀rù kí ọ̀gá má bi í léèrè èyí tó dà nù, ló bá ní kí ìyá máa lọ. Bẹ́ẹ̀ àṣẹ tí àwọn àjọ ìlera fúnra wọn pa ni pé kí wọ́n ṣí i bó bá jẹ́ ọmọ kan ló wà nílẹ̀. Ìyá yẹn ò ní í padà wá, ọjà ẹ̀ ńkọ́, owó ọkọ̀ ńkọ́? Àwọn ibòmíì á tún gba owó káàdì, owó òwú, lórí nǹkan tí ìjọba ní ọ̀fẹ́ ni. Iná ìjọba náà ńkọ́, abẹ́rẹ́ yìí gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù tó wà láàárín dígírì 2 sí 8, tí iná bá lọ tí kò sí sólà, tí yìnyín inú kúlà yọ́, wọ́n lè máa gún ọmọ lómi lásán. Lọ́dún 2023 ọmọ mílíọ̀nù 2.1 ni ò gba pẹ́ńtà kankan rárá ní Nàìjíríà, kò sí orílẹ̀-èdè tó pọ̀ jù wá lọ lágbàáyé. Kì í ṣe wátsáàpù nìkan ló ṣe gbogbo ìyẹn.

Ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin olóòtú, ni pé kí ẹ ya igun ojú ewé kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù, kí ẹ tẹ déètì àwọn abẹ́rẹ́ yìí síbẹ̀ lédè Yorùbá, ọjọ́ ìbí, ọ̀sẹ̀ 6, 10, 14, oṣù 9, oṣù 15, kí ẹ sì kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè fà lára ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọjọ́ tó lè bẹ̀rẹ̀, ohun tí ìyá máa ṣe, àti àmì tó bá rí tó fi gbọ́dọ̀ sáré gbé ọmọ lọ. Àwa tá a bá rà á máa gé e lẹ́ mọ́ ara káàdì. Kí àwọn tó ń mójú tó ìlera ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa náà pàṣẹ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n sọ ọ́ fún ìyá lẹ́nu kó tó dìde lórí bẹ́ǹṣì, kí wọ́n sì ṣí ìgò fún ọmọ kan ṣoṣo tó bá wà nílẹ̀. Bàbá tó kọ lẹ́tà yẹn, tí ẹ bá ń ka èyí, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè, mo sì bẹ̀ yín, tí ọmọ jòjòló bá wà nílé yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ, tí ìyá ẹ̀ bá délẹ̀ yẹn kó bi nọ́ọ̀sì ní gbogbo ohun tẹ́ ẹ bi wá, kó má sì kúrò níbẹ̀ láìgba èsì.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn